Ìròyìn Méjì fún Ọkọ̀ Kan

“Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ tún ìpínrọ̀ kejì yẹn kà,” ni Bọ́tìnnì wí láti ẹ̀yìn gíláàsì. “Ohùn yín lọ sílẹ̀ níbi tí ẹ ti dé ‘kò sí ẹnikẹ́ni tó yè.’ Kò dún ketekete.”

Àǹtí Ìròyìn mu omi díẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó sì tún un kà. Ó kà á pé àwọn ọmọ ogun ojú omi ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ti rí ọkọ̀ abẹ́ omi tó sọnù náà ní ìsàlẹ̀ òkun, pé kò sí ẹnikẹ́ni tó yè nínú rẹ̀, àti pé ìjọba ń bá àwọn ẹbí wọn kẹ́dùn. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn rẹ̀ dúró. Bọ́tìnnì na àtàǹpàkò sókè, àmọ́ kò wo ojú rẹ̀.

Kò tíì sí ohun tó jọ ọ́. Kò sẹ́ni tó tíì rí ọkọ̀ kankan. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò náà ni pé bí ọ̀rọ̀ ńlá kan bá ń bọ̀ tí wọn kò mọ ibi tí yóò já sí, wọ́n á ka ìròyìn méjì sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ọ̀kan fún ayọ̀, ọ̀kan fún ìbànújẹ́, kí ọ̀rọ̀ má bàa bá wọn lójijì. Àwọn àgbà olówó kan wà nínú ìlú náà tí ìròyìn ikú wọn ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí àwọn fúnra wọn ṣì ń jẹun dáadáa, tí wọ́n ṣì ń bá ìyàwó wọn jà. Wọ́n máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ ní yàrá ìròyìn: “Mo rí bàbá yẹn lánàá tó ń ra bàtà tuntun. Kò mọ̀ pé òun ti kú lọ́dọ̀ wa.”

Tọ̀tẹ̀ yìí kò ṣeé fi ṣẹ̀fẹ̀. Àbúrò Àǹtí Ìròyìn, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú ọkọ̀ náà.

“Ó ku èyí tó dára,” ni Bọ́tìnnì wí. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ, òun ló ń tẹ gbogbo ohun tó ń jáde sáfẹ́fẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. “Ẹ fẹ́ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó kà á?”

“Rárá. Jẹ́ n kà á báyìí, kó lè jẹ́ òun ló máa kẹ́yìn lẹ́nu mi.”

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kà á: gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi náà ni wọ́n ti rí láàyè. Kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀rín wà nínú ohùn rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó wọ ibẹ̀. Nígbà tó parí, Bọ́tìnnì pa ẹ̀rọ.

“Àǹtí,” ó ní, “láti ọjọ́ tí mo ti ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ ò kàròyìn dáadáa tó báyìí rí.”

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò náà nílé, nítorí kò sí ohun tó ṣe rí tí kò fi jẹ́jẹ́ ṣe. Ó pẹ́ nínú oyún, ó pẹ́ kó tó rìn, ó sì pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, débi pé àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá rẹ̀ bóyá odi ló bí. Bí ẹnìkan bá rán an níṣẹ́, ẹni náà á ti gbàgbé ohun tó rán an kó tó dé. Ẹnu ya gbogbo ènìyàn nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ ológun, tó sì tún wá jẹ́ ti abẹ́ omi. Ìyá wọn ló ní ibẹ̀ gan-an ló yẹ ẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń sáré lábẹ́ omi.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ náà ti lọ fún ìdánrawò, tí wọ́n pè é tí kò dáhùn mọ́. Láti ìgbà náà kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Tẹlifíṣàn kan gbé àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja wá, wọ́n ju ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé sínú rẹ̀ láti fi han àwọn ènìyàn bí ọkọ̀ ṣe ń rì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá sórí tẹlifíṣàn mìíràn, ó ń ṣírò afẹ́fẹ́ tó kù fún wọn bí ẹni ń pín búrẹ́dì. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé wọ́n gbọ́ tí ẹnìkan ń kan irin lábẹ́ omi. Lọ́jọ́ kejì ìwé ìròyìn kan náà ní ẹja ńlá kan ni. Agbẹnusọ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní tirẹ̀ kò sọ ju “a ṣì ń wá wọn” lọ, á sì yára wọlé kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìbéèrè.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé akàròyìn ni ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó sọnù, àwọn oníkámẹ́rà wá tò sí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ọmọbìnrin kan na gbohùngbohùn sí ìyá wọn lẹ́nu, ó ní, “Màmá, báwo ló ṣe rí lára yín?”

Ìyá náà wò ó títí. “Ṣé o ti bímọ?”

Ọmọbìnrin náà ní òun kò tíì bí.

“Lọ bímọ ná,” ni ìyá wí, “kó o wá padà wá bi mí.”

Wọ́n gbé ìyẹn náà sáfẹ́fẹ́, wọ́n gbé e títí tó fi sú àwọn tó ń wò ó. Ìyá wọn wọlé, ó yí ojú tẹlifíṣàn sí ògiri. Rédíò nìkan ló kù tó ń gbọ́, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

“Gbogbo àwọn yòókù, àròsọ ni wọ́n ń sọ,” ló wí fún Àǹtí Ìròyìn. “Ẹnu tìẹ ni mo gbà gbọ́. Bí mo bá ṣì ń gbọ́ ohùn ẹ, mo mọ̀ pé kò tíì bàjẹ́. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ tí ẹlòmíràn ń ka ìròyìn ọkọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó nílò láti wá sọ nǹkan kan fún mi mọ́. Mo ti mọ̀ pé o ti sá sí kọ̀rọ̀ kan, o ń sunkún.”

Ìdí nìyẹn tí Àǹtí Ìròyìn kò fi gbà láti lọ sinmi nílé nígbà tí ọ̀gá yàrá ìròyìn ní kó lọ. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ó ń kàròyìn, ó ń padà sílé. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, omi kò tíì bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ohùn ẹni tó bá sunkún máa ń ha, ìyá òun yóò sì gbọ́ ọ.

Àgbàlagbà ni ọ̀gá náà. Ẹlẹ́nu-Méjì ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ á sì rò pé òpùrọ́ ni. Òdìkejì rẹ̀ ni. Òfin rẹ̀ ni pé ìròyìn ikú tàbí ti ìyè kò gbọdọ̀ jáde àfi bí ẹnu méjì bá sọ ọ́, tí ọ̀kan nínú ẹnu méjèèjì sì jẹ́ ti àwọn tó ni ọ̀rọ̀. “Ẹyin lohùn,” ló máa ń wí fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. “Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tiwa sì wá burú, inú ilé onílé ló ń balẹ̀ sí.”

Nígbà tí Àǹtí Ìròyìn jáde láti sítúdíò lọ́jọ́ náà, ó bá a lẹ́nu ọ̀nà.

“O ti kà á tán?”

“Mo ti kà á, ọ̀gá. Méjèèjì.”

“Bó bá jẹ́ èyí tí a kò fẹ́, màá jẹ́ kó o délé kí n tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Wàá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, wọ́n á sì máa gbọ́ ohùn ẹ. Mo ṣèlérí ìyẹn fún ẹ.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé bí ibi bá tiẹ̀ máa dé, ó kéré tán òun ti gbé àga kalẹ̀ fún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni akọ̀ròyìn tí wọ́n rán lọ sí èbúté àwọn ológun pè. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹlẹ́nu-Méjì ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo yàrá lè gbọ́.

“Ọ̀gá, wọ́n ti ṣí géètì. Àwọn ẹbí tó ti ń sùn síta látọjọ́ yìí, wọ́n ti kó gbogbo wọn wọlé. Mo ń wò wọ́n láàárín irin báyìí. Wọ́n ń dì mọ́ra wọn, wọ́n ń sunkún. Àwọn ọkọ̀ ilé ìwòsàn tò lọ súà, wọ́n sì ti ṣílẹ̀kùn wọn sílẹ̀.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n ti rí wọn?”

“Wọn ò jẹ́ ká sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ni mo wí o. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń gbé e sáfẹ́fẹ́ pé wọ́n yè.”

“Ẹnu àwọn yẹn kọ́ lẹnu wa,” ni Ẹlẹ́nu-Méjì wí. “Ojú ni tìẹ yẹn, kò tíì tó ẹnu kan pàápàá. Ẹ bá mi pe agbẹnusọ.”

Wọ́n pe agbẹnusọ. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Bí wọ́n ti ń pè é lọ, wọ́n pe Ẹlẹ́nu-Méjì láti òkè: ọ̀gá àgbà fẹ́ mọ ìdí tí gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò fi ń yọ̀ tí tàwọn nìkan ń kọ orin. Ó dìde, ó ń ráhùn. Ó wo Àǹtí Ìròyìn, nítorí òun ló tẹ̀ lé e ní yàrá náà.

“Kò gbọdọ̀ jáde o. Àfi bí agbẹnusọ bá gbé fóònù.”

Àǹtí Ìròyìn jókòó ti fóònù. Ó pè, ó dún, ó pè, ó dún. Lórí tẹlifíṣàn tó wà ní igun yàrá, ọkùnrin kan ń fi ẹ̀rín sunkún, ó ń sọ pé wọ́n yè, gbogbo wọn ló yè.

Ẹ jẹ́ ká má purọ́ fún ara wa, ó mọ òfin náà. Òun gan-an ló máa ń fi kọ́ àwọn ẹni tuntun. Ṣùgbọ́n ó ń rò ó pé àwọn ará àdúgbò á ti sáré lọ bá ìyá òun báyìí, pé ìyá òun kò ní gbà wọ́n gbọ́, pé á ti fà mọ́ rédíò tí á máa retí ohùn òun. Ó sì tún ń ro ohun kan tí kò lè sọ síta kí wọ́n má pè é ní wèrè. Láti ọjọ́ tó ti ń kàròyìn, gbogbo ohun tó bá kà ti ṣẹlẹ̀ kó tó kà á. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ débi pé ó rò ó wò bóyá ó lè ṣeé yí padà lẹ́ẹ̀kan yìí péré, kí òun kọ́kọ́ kà á ná, kó wá ṣẹlẹ̀.

Ó dìde, ó lọ bá Bọ́tìnnì.

“Gbé èyí tó dára sáfẹ́fẹ́.”

“Agbẹnusọ ti gbé fóònù ni?”

“Wọ́n to ọkọ̀ ilé ìwòsàn sílẹ̀. Ta ló ń fi ọkọ̀ ilé ìwòsàn dúró de òkú?”

Bọ́tìnnì wò ó. Ó mọ Jẹ́jẹ́. Ìgbà tí Jẹ́jẹ́ wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n jọ jókòó nínú sítúdíò, Jẹ́jẹ́ sì rọra ń jẹ ẹ̀pà kan ṣoṣo, ẹ̀pà kan ṣoṣo, títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ ṣú. Bọ́tìnnì dá orin dúró, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Kò pẹ́ tí fóònù Àǹtí Ìròyìn fi dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Mo gbọ́,” ni ìyá náà wí. “Wọ́n ti wá ń sọ ọ́ fún mi, mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo ní ẹ jẹ́ kó kà á. O sì kà á.” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. “Jẹ́jẹ́, ọmọ burúkú. Gbogbo ayé ń wá a kiri, òun rọra jókòó sísàlẹ̀ omi. Mo máa nà án. Bó ṣe tóbi tó yẹn, mo máa nà án.”

“Ẹ ẹ́n, Màámi.”

“O ń sunkún?”

“Rárá, Màámi.”

“Máa sunkún ẹ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ti ayọ̀ ni.”

Ó ṣì di fóònù mú nígbà tí Ẹlẹ́nu-Méjì wọlé. Ó ti gbọ́ ọ lókè. Kò pariwo; ì bá sàn kó pariwo.

“Ta ni ẹnu kejì?” ló bi í.

Àǹtí Ìròyìn kò tíì dáhùn tí fóònù orí tábìlì fi dún. Agbẹnusọ ló pè padà. Ẹlẹ́nu-Méjì gbé e sétí, lọ́tẹ̀ yìí kò ṣí i sílẹ̀ fún yàrá. “Ẹ ẹ́n,” ló ń wí. “Ẹ ẹ́n. Ẹ ẹ́n.” Ó fa àga, ó jókòó. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì wo Àǹtí Ìròyìn bí bàbá ṣe ń wo ọmọ.

“Alẹ́ àná ni wọ́n ti rí i. Ó ti já sí méjì nísàlẹ̀ omi. Kò sẹ́ni tó yè.” Ó gbé gíláàsì náà sórí tábìlì. “Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí àwọn ẹbí kọ́kọ́ gbọ́ kí àwa tó gbọ́, ìyẹn ni wọ́n fi kó wọn wọlé. Àwọn òbí tó bá dákú ni wọ́n to ọkọ̀ ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún.”

“Màámi ò sí níbẹ̀,” ni Àǹtí Ìròyìn wí. “Wọ́n ní àwọn ò ní lọ. Wọ́n ní nínú rédíò làwọn ti máa gbọ́.”

Bọ́tìnnì ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí.

“A ní láti fà á padà,” ni ọ̀gá wí níkẹyìn. “Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ò wúlò, kò sí níbẹ̀ pé a ṣìnà, kò sì tọrọ àforíjì. Ẹnìkan ní láti kà á lójú ẹsẹ̀. Ṣé o lè kà á?”

Ó rò ó. Bí òun bá kà á, ìyá òun yóò gbọ́ ọ lẹ́nu òun bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n yóò dá nìkan gbọ́ ọ, láàárín àwọn tó ń jó. Bí òun bá lọ, ohùn ẹlòmíràn ni yóò jáde.

“Mi ò lè kà á níbí kí wọ́n máa gbọ́ ọ níbẹ̀. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n délé ná. Ẹ ti ṣèlérí fún mi.”

“Mo ṣèlérí kí o tó ṣe ohun tó o ṣe.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. “Kì í ṣe ìyá tìẹ nìkan ló ń jó báyìí. Ìròyìn tó ń bọ̀ kò jìnnà mọ́, títí di ìgbà yẹn ni mo lè fún ẹ. Ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Gbogbo ìṣẹ́jú tí mo bá fún ẹ, ọ̀dọ̀ ìyá ẹlòmíràn ni mo ti jí i. Máa lọ.”

Ó wọ takisí. Awakọ̀ náà, bàbá arúgbó kan, ṣí rédíò sílẹ̀, ìdùnnú sì ti gbà á lọ́kàn tó fi ń wakọ̀ bí ẹni ń ṣeré.

“Ẹ gbọ́ ìròyìn yẹn láàárọ̀? Èmi ò mọ ẹnì kan níbẹ̀, àmọ́ mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo sunkún. Obìnrin tó kà á yẹn, Ọlọ́run á ṣe tiẹ̀ náà nírọ̀rùn.”

“Ẹ bá mi sáré díẹ̀ sí i, bàbá,” ni Àǹtí Ìròyìn wí. “Ẹ jọ̀ọ́.”

Ariwo ti gba gbogbo òpópó wọn. Ẹnìkan gbé ẹ̀rọ orin síta, ó sì yí i sókè dé òpin. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ti pa iṣẹ́ tì, ó ń jó, oníbàárà rẹ̀ tó fá apá kan orí rẹ̀ tó sì fi apá kejì sílẹ̀ náà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ funfun lọ́rùn. Wọ́n rí Àǹtí Ìròyìn, wọ́n pàtẹ́wọ́. “Ẹnu yín á máa sọ ire o, Àǹtí.” Ó doríkodò, ó gba àárín wọn kọjá. Wọ́n rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un, wọ́n sì yà fún un.

Inú yàrá Jẹ́jẹ́ ló ti bá ìyá rẹ̀. Ó ti ká aṣọ kúrò lórí ibùsùn, ó ń gbálẹ̀. Rédíò wà lójú fèrèsé, ó ń kọ orin jẹ́jẹ́ kan tí ariwo ìta fẹ́rẹ̀ẹ́ bò mọ́lẹ̀.

“O ti dé? Wọ́n jẹ́ kó o tètè kúrò, wọ́n ṣeun. Wo eruku tó wà lábẹ́ ibí yìí. Bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì mú.”

Àǹtí Ìròyìn di ẹ̀gbẹ́ kejì ibùsùn mú. Wọ́n jọ gbé e kúrò lára ògiri. Kò mọ ìdí tí òun fi bá a gbé e. Ó ṣáà gbé e ni, nítorí ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń wù ú kí ẹ̀rín náà pẹ́ díẹ̀ sí i.

“Màámi, ẹ jókòó.”

“Mi ò tíì ṣetán. Ó kù kí n sá aṣọ yìí. Ṣé o rò pé wọ́n á jẹ́ kó wálé lónìí, àbí wọ́n á kọ́kọ́ ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò? Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ìkánjú, a ti ń dúró bọ̀.”

Orin tinú rédíò dúró. Orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìròyìn wọlé. Ìyá náà gbé ìka sẹ́nu.

“Dákẹ́ ná, jẹ́ ká gbọ́ ohun tó o fẹ́...”

Kò parí rẹ̀. Ó wo rédíò. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó dúró lódìkejì ibùsùn.

“Ìwọ rèé,” ó ní.

“Èmi rèé, Màámi.”

“Ta ló wá fẹ́ kà á?”

Àǹtí Ìròyìn na ọwọ́, ó pa rédíò kí ọ̀gá rẹ̀ tó lanu. Ìyá rẹ̀ kò bi í mọ́. Ó jókòó sétí ibùsùn tí wọn kò tíì tẹ́, ìgbálẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì la ẹnu, ohun tó sì ti mọ́ ọn lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́ ló jáde.

“Àwọn ọmọ ogun ojú omi ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé...”

“Má kàròyìn fún mi.” Ohùn ìyá náà lọ sílẹ̀ gan-an. “Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́. Èmi ìyá ẹ nìyí. Sọ ọ́ fún mi.”

“Jẹ́jẹ́ ti kú, Màámi.”

Lóde, wọ́n yí orin padà sí òmíràn, àwọn ènìyàn sì hó. Ìyá náà fi ìgbálẹ̀ gbá ibì kan nílẹ̀ tí kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀.

“Èyí tí mo gbọ́ láàárọ̀ ńkọ́?”

“Irọ́ ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e. Ọ̀gá ò mọ̀ sí i, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni.”

“O ò mọ̀, o wá sọ fún mi bí ẹni tó mọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Mo jó,” ni ìyá náà wí. “Mo jáde síta, mo jó lójú gbogbo wọn, ọmọ mi wà nísàlẹ̀ omi.”

Àǹtí Ìròyìn gbé orí lé orúnkún ìyá rẹ̀. Ìyá náà wo orí náà bí ẹni tí kò dá a mọ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ lé e. Kò fi pa á lórí, ó kàn gbé e lé e.

“Wọ́n ní omi ò lọ́tàá,” ló wí. Ó mi orí. Ojú rẹ̀ gbẹ. “Wọ́n ṣì ń jó níta yẹn.”

“Màá lọ sọ fún wọn.”

“Jókòó síbẹ̀. O ti sọ̀rọ̀ tó lónìí. Ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú ẹ ṣì ń bọ̀, àmọ́ kì í ṣòní.” Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó fi ọwọ́ di ibùsùn mú kó tó lè dìde, ó tún ìdí aṣọ rẹ̀ ró. “Èmi ni mo bí i. Èmi ni màá sọ ọ́.”

Ó jáde. Fún ìgbà díẹ̀ orin ṣì ń lọ. Lẹ́yìn náà ẹnìkan pa á, àwọn tó ń hó sì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo òpópó fi pa lọ́lọ́. Àǹtí Ìròyìn jókòó sílẹ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ fi í sí. Ohùn ìyá náà wọlé láti ojú fèrèsé, kò ga, kò sì gbọ̀n.

“Ẹ ṣé tí ẹ bá mi yọ̀. Ẹ máa lọ sílé. Jẹ́jẹ́ mi ò bọ̀ mọ́. Inú omi ló kú sí, òun àti gbogbo àwọn tí wọ́n jọ lọ. Ẹni tó bá mọ ìyá ẹlòmíràn nínú wọn, kó lọ jókòó tì í.”

Àǹtí Ìròyìn ti ka ikú àbúrò rẹ̀ sínú gbohùngbohùn lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ lára nínú gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló tó gbà pé òótọ́ ni, ó sì bú sẹ́kún.